Ẹ̀rọ Kò Lè Gba Ipò Agbẹ̀bí

 

Bí obìnrin bá lóyún láàrín wa, àdúrà kan ni tọmọdé tàgbà máa ń gbà fún un: a ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ. Àdúrà yìí ni a gbé wá sí ojú ìwé wa lóṣù yìí, nítorí pé àwọn ọ̀gá ti fẹ́ fi ẹ̀rọ rọ́pò àwọn tí ó ń tẹ́tí sí ohùn méjèèjì.

Gbogbo yín ni ẹ ti rí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́nu ọ̀nà ilé oúnjẹ òṣìṣẹ́. Wọ́n ní ilé ìwòsàn tí ilé iṣẹ́ ń san owó fún láti máa tọ́jú àwa àti ìdílé wa ti ra ẹ̀rọ tuntun tí ó ní kọ̀ǹpútà nínú, tí yóò máa ka bí ọkàn ṣe ń lù nígbà tí obìnrin bá ń rọbí. Wọ́n ní ọ̀làjú ti dé. Ohun tí wọn kò kọ sínú ìwé náà ni pé láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti wọlé ni agbẹ̀bí mẹ́ta tí ó máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru ti di ẹyọ kan ṣoṣo. Wọ́n ti fún àwọn méjì yòókù ní ìwé pé kí wọ́n máa lọ sílé. Nígbà tí a béèrè ọ̀rọ̀ yìí ní ìpàdé, èsì tí máníjà fún wa ni pé ẹ̀rọ kì í sùn, kì í béèrè owó àfikún iṣẹ́, kì í sì í gba ìsinmi.

Ẹ gbọ́ o! Ṣé ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa? Òun náà kọ́ ni wọ́n sọ nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ ìdìjà tuntun dé, tí wọ́n sì dá ogún ènìyàn dúró ní ọ̀sẹ̀ kejì?

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwa ẹgbẹ́ kò lè wà níbẹ̀ kí a dákẹ́. Ohun tí a ní láti sọ kò ṣòro: ẹ̀rọ dára bí ẹni tí yóò lò ó bá wà nídìí rẹ̀. Ẹ̀rọ tí a rà kí a lè lé agbẹ̀bí lọ, ewu ni fún ìyá, ewu ni fún ọmọ. Ẹ jẹ́ kí a ṣe àlàyé.

IṢẸ́ TÍ Ẹ̀RỌ NÁÀ Ń ṢE

Ọjọ́ ti pẹ́ tí agbẹ̀bí ti ń gbé etí lé ikùn aboyún. Ní ọdún 1895, dókítà ará Faransé kan, Adolphe Pinard, ṣe ohun èlò kan tí ó dà bí ìwo kékeré. A ó gbé ẹnu rẹ̀ tí ó fẹ̀ lé ikùn, a ó gbé etí lé ìdí rẹ̀, a ó sì máa gbọ́ bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù. Ó ṣì wà lọ́wọ́ àwọn agbẹ̀bí wa títí di òní. Kò lo iná, kò lo bátìrì. Ní ọdún 1958, Edward Hon ní Amẹ́ríkà kọ̀wé lórí bí ẹ̀rọ oníná ṣe lè máa ka ìlù ọkàn ọmọ láti orí ikùn ìyá. Nígbà tí ó di ọdún 1968, ẹ̀rọ tí Konrad Hammacher ṣe ní Jámánì ti dé orí àtẹ.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Bẹ́líìtì méjì ni wọ́n ń dè mọ́ ikùn. Ọ̀kan ń wọn bí ilé ọmọ ṣe ń sún kì. Èkejì ń rán ìró kan tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ wọ inú ikùn. Ìró náà yóò kan ohun tí ó bá ń mì níbẹ̀, yóò sì padà wá. Láti inú ìpadàbọ̀ yẹn ni ẹ̀rọ ti ń ṣírò iye ìgbà tí ọkàn lù ní ìṣẹ́jú kan, tí ó sì ń ya ìlà sórí bébà. Ti àwọn ẹ̀rọ tuntun ni pé kọ̀ǹpútà ni ó ń ka ìlà náà. Bí ó bá rí ohun tí kò tọ́, yóò dún, yóò sì tan iná pupa.

Ọkàn ọmọ tí ó wà nínú oyún máa ń lù ní 110 sí 160 ní ìṣẹ́jú kan. Ọkàn àgbàlagbà tí ó jókòó jẹ́ẹ́ máa ń lù ní 60 sí 100. Ẹ fi àwọn nọ́ńbà yìí sọ́kàn, nítorí inú wọn ni ọ̀rọ̀ wà.

OHÙN TA NI Ẹ̀RỌ Ń GBỌ́?

Ẹ̀rọ kò mọ ìyá, kò mọ ọmọ. Ohun tí ń mì ni ó mọ̀. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá ti ìyá sì wà nínú ikùn kan náà, àwọn náà ń mì. Bí ọmọ bá yí padà, tàbí tí bẹ́líìtì bá yẹ̀ díẹ̀, ẹ̀rọ lè fi ọkàn ọmọ sílẹ̀ kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ti ìyá, láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀.

Ìyá tí ń rọbí kò sì jókòó jẹ́ẹ́. Iṣẹ́ tí ó le jù lọ láyé ni ó ń ṣe. Ọkàn rẹ̀ yóò máa sáré bíi ti alábàárù tí ó gbé àpò sìmẹ́ńtì gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ó lè dé 120, ó lè dé 130, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà náà ni nọ́ńbà ìyá yóò bọ́ sí ààrin nọ́ńbà ọmọ. Ojú ẹ̀rọ yóò fi 130 hàn, kọ̀ǹpútà yóò ní kò sí ewu, nígbà tí ọkàn ọmọ gan-an ti ń rẹ̀ ẹ́, tàbí tí ó tilẹ̀ ti dákẹ́. A ti gbọ́ ohùn ìyá lẹ́ẹ̀mejì, a kò gbọ́ ohùn ọmọ.

Èyí kì í ṣe àhesọ. Ní ọdún 2010, àjọ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń mójú tó ohun èlò ìwòsàn fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìwòsàn wọn lórí irú ẹ̀rọ yìí. Ilé ìwòsàn tí iná kì í kú, tí ẹ̀rọ wọn jẹ́ ojúlówó, ni wọ́n kìlọ̀ fún o!

Báwo ni agbẹ̀bí tí ó mọṣẹ́ ṣe ń mọ ìyàtọ̀? Yóò di ọrùn-ọwọ́ ìyá mú, yóò ka bí iṣan ibẹ̀ ṣe ń lù, yóò sì máa wo ojú ẹ̀rọ. Bí nọ́ńbà méjèèjì bá dọ́gba, ìyá ni ẹ̀rọ ń gbọ́. Ó tún ní àmì mìíràn. Nígbà tí ìyá bá ń tì, ọkàn tirẹ̀ a máa yára sí i, ṣùgbọ́n ọkàn ọmọ a sábà máa fà sẹ́yìn díẹ̀. Bí ìlà orí bébà bá ń ròkè ní gbogbo ìgbà tí ìyá bá tì, agbẹ̀bí yóò fura. Ọwọ́, ago àti ìmọ̀ ni ó fi ń ṣe é.

Àwọn ẹ̀rọ mìíràn wà tí wọ́n ní ohun tí a ń fi há ìka ìyá, tí ó ń ka ọkàn tirẹ̀ lọ́tọ̀, tí ó sì ń kìlọ̀ bí méjèèjì bá dọ́gba. Ó dára, a fẹ́ irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá kìlọ̀ ní aago mẹ́ta òru, ta ni yóò dìde lọ wò ó?

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú àwọn obìnrin wa ní àkókò òjò ọdún tí ó kọjá, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹ̀rọ náà wá fún ìdánwò. Ó ti rọbí mọ́jú. Ojú ẹ̀rọ ń fi 128 hàn, ìlà ń lọ geerege, nọ́ọ̀sì tí ó wà nítòsí sì ní ayọ̀ ni. Agbẹ̀bí àgbà kan wọlé wá gba iṣẹ́ ní òwúrọ̀. Kò kọ́kọ́ wo ẹ̀rọ rárá. Ó kí obìnrin náà, ó di ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ mú, ó kà á: 128. Ó gbé ìwo lé ikùn, ó tẹ́tí: kò tó 90. Ó figbe ta, dókítà sáré dé, wọ́n fa ọmọ jáde. Ọmọ náà kò ké lójú ẹsẹ̀. Wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i ní imú, wọ́n nù ún, wọ́n pa á lẹ́sẹ̀, kí ó tó ké. Ó ti ń dìde dúró báyìí.

Ǹjẹ́ ẹ mọ agbẹ̀bí tí ó ṣe iṣẹ́ yìí? Ọ̀kan nínú àwọn méjì tí wọ́n lé lọ ni.

OHUN TÍ ÌWÁDÌÍ SỌ

Àwọn ọ̀gá yóò ní àwa òṣìṣẹ́ kò mọ̀wé, pé ẹ̀rù ẹ̀rọ ni ó ń bà wá. Ẹ jẹ́ kí a gbé ìwé sílẹ̀ nígbà náà.

Ní Dublin, ní ilẹ̀ Ireland, wọ́n pín obìnrin 12,964 sí ọ̀nà méjì. Wọ́n fi ẹ̀rọ ṣọ́ apá kan láìdáwọ́ dúró, agbẹ̀bí sì ń fi etí gbọ́ ti apá kejì láti ìgbà dé ìgbà. Àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1985. A kò ní fi òtítọ́ pamọ́: ní ọ̀dọ̀ àwọn tí a fi ẹ̀rọ ṣọ́, gìrì tí ń gbé ọmọ tuntun dín kù ní nǹkan bí ìdajì. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n iye ọmọ tí ó kú kò yàtọ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ kó gbogbo irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ jọ ní ọdún 2017, èyí tí obìnrin inú rẹ̀ ju 37,000 lọ, ohun kan náà ni wọ́n rí. Wọ́n sì rí i pé níbi tí ẹ̀rọ ti ń ṣọ́ni láìdáwọ́ dúró, àwọn tí a fi abẹ gbé ọmọ wọn pọ̀ sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ti san owó iṣẹ́ abẹ rí mọ ohun tí à ń wí.

Wọ́n ní kọ̀ǹpútà ni yóò tún un ṣe. Ó dára. Láti ọdún 2010 sí 2013, ní ilé ìwòsàn 24 ní Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland, wọ́n dán an wò lára obìnrin tí ó ju 47,000 lọ. Gbogbo wọn ni ẹ̀rọ ń ṣọ́. Ṣùgbọ́n ní apá kan, kọ̀ǹpútà ń ka ìlà, ó sì ń kìlọ̀. Ní apá kejì, agbẹ̀bí àti dókítà ni ó ń fi ojú ara wọn kà á. Wọ́n tẹ èsì jáde ní 2017. Àwọn ọmọ tí nǹkan bàjẹ́ fún ní apá tí kọ̀ǹpútà wà jẹ́ 172. Ní apá tí kò sí, 171. Ẹ tún un kà: 172 àti 171. Gbogbo ìlérí kọ̀ǹpútà náà kò gba ọmọ kan ṣoṣo là ju bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Àwọn ilé ìwòsàn yẹn kò sì fi kọ̀ǹpútà lé agbẹ̀bí lọ! Agbẹ̀bí wà níbẹ̀, dókítà wà, iná wà, ẹ̀jẹ̀ wà. Bí kọ̀ǹpútà kò bá fi nǹkan kún un níbi tí gbogbo nǹkan pé, kí ni yóò ṣe níbi tí a ti ń mú ènìyàn kúrò?

Ní ọdún 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé fúnra rẹ̀ sọ pé obìnrin tí ara rẹ̀ le, tí ó ń rọbí láìsí ìṣòro, kò nílò kí ẹ̀rọ máa ṣọ́ ọ láìdáwọ́ dúró. Wọ́n ní kí agbẹ̀bí máa fi ìwo tàbí ẹ̀rọ kékeré ọwọ́ gbọ́ ọkàn ọmọ ní ìṣẹ́jú 15 sí 30, kí ó sì di ìṣẹ́jú márùn-ún-márùn-ún nígbà tí ìyá bá ń tì. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: agbẹ̀bí kan, obìnrin mẹ́rin tí ń rọbí, ìṣẹ́jú márùn-ún-márùn-ún. Ta ni ó lè ṣe é?

IBI TÍ IKÚ TI Ń WỌLÉ

Ẹ jẹ́ kí a dé ibi tí ó ń dùn wá jù. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn àjọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, obìnrin bí 75,000 ni ó kú nítorí oyún tàbí ìbímọ ní Nàìjíríà ní ọdún 2023. Iye yẹn ju ìdámẹ́rin gbogbo irú ikú bẹ́ẹ̀ ní àgbáyé lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ẹ̀jẹ̀ dà lára wọn lẹ́yìn tí ọmọ ti jáde, nígbà tí àwọn ará ilé ti ń yọ̀, tí wọ́n ti tú bẹ́líìtì ẹ̀rọ kúrò ní ikùn.

Ọrùn-ọwọ́ ìyá kan náà ni ó tún ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà púpọ̀, ọkàn yóò kọ́kọ́ máa sáré kí agbára ẹ̀jẹ̀ tó wálẹ̀. Ẹ mọ nọ́ńbà òkè tí wọ́n ń kà nígbà tí wọ́n bá fi àpò dè wá lápá? Bí ìlù ọkàn bá jẹ́ 80, tí nọ́ńbà òkè yẹn jẹ́ 120, ọkàn balẹ̀. Bí ìlù ọkàn bá ń lé e bá, tí ọ̀kan di 110 tí èkejì náà di 110, ewu ti dé, kódà bí ìyá bá ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni yóò mọ̀.

Kí ni ó sì gbani là? Ní ọdún 2023, wọ́n tẹ àbájáde iṣẹ́ kan jáde tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn 80 ní Nàìjíríà, Kenya, Tanzania àti South Africa. Obìnrin tí ó ju 200,000 lọ ni ó wà nínú rẹ̀. Ọ̀rá kan ni wọ́n tẹ́ sí abẹ́ ìyá, tí a fa ìlà sí lára, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà sí, kí agbẹ̀bí lè rí iye tí ó ti lọ. Bí ó bá ti dé ibi tí kò yẹ, gbogbo ìtọ́jú ni wọn yóò ṣe lẹ́ẹ̀kan náà: wọn yóò fọwọ́ ra ilé ọmọ, wọn yóò fún un ní oògùn àti omi, wọn yóò wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde, wọn yóò sì ké sí àgbà. Ewu ńlá ìsun-ẹ̀jẹ̀ náà dín kù ní ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀rá àti ọwọ́ ènìyàn o! Ṣùgbọ́n ọwọ́ náà ní láti wà níbẹ̀.

A KÌ Í ṢE Ọ̀TÁ Ẹ̀RỌ

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ bá wa dá wọn lóhùn. Géèjì tí ó wà níwájú yín ń sọ fún yín pé ẹ́ńjìnnì ti gbóná. Ẹ fẹ́ràn rẹ̀, ẹ kò ní yọ ọ́ dànù. Ṣùgbọ́n ṣé géèjì ni yóò dúró, tí yóò ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì, tí yóò bu omi sí rediétọ̀? Bí ọ̀gá bá ní níwọ̀n ìgbà tí géèjì ti wà, kí ọkọ̀ máa lọ láìsí awakọ̀, ta ni yóò wọ ọkọ̀ náà?

Ẹ̀yin ará ilé iṣẹ́ aṣọ, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní kí ẹnì kan máa ṣọ́ ẹ̀rọ ìhunṣọ méjì, ó di mẹ́rin, ó di mẹ́jọ, owó oṣù kò kúrò lójú kan. Ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe nílé ìgbẹ̀bí gan-an nìyí. Wọn yóò kó ìlà gbogbo ibùsùn jọ sí ojú ẹ̀rọ kan nínú ọ́fíìsì, wọn yóò sì ní kí nọ́ọ̀sì kan jókòó tì í. Bí òwú bá já lórí ẹ̀rọ ìhunṣọ, a lè so ó. Bí ẹ̀mí bá já ńkọ́?

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n yí wa lórí láti bá àwọn agbẹ̀bí jà. Bí nǹkan bá bàjẹ́ lóru, ẹni kan ṣoṣo tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ni wọn yóò fi ṣe ẹran ìrúbọ. Wọn yóò mú bébà ẹ̀rọ jáde, wọn yóò ní ẹ̀rọ kìlọ̀, kò dìde. Wọn kò ní sọ pé ó wà ní yàrá kejì, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ọmọ mìíràn. Òṣìṣẹ́ ni àwọn náà bí àwa. Nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ilẹ̀ yìí yanṣẹ́ lódì ní òpin oṣù Keje ọdún 2025, owó iṣẹ́ òru wà lára ohun tí wọ́n béèrè, bẹ́ẹ̀ sì ni pé kí a gba ènìyàn púpọ̀ sí i. Ìbéèrè wọn yẹn, ìbéèrè tiwa ni. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́.

OHUN TÍ A Ń BÉÈRÈ

Ìgbìmọ̀ ẹ̀ka wa ti kọ àwọn nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀. A ó gbé wọn lọ bá àwọn ọ̀gá bí ìpàdé gbogbogbòò bá fọwọ́ sí i:

1. Kí wọ́n dá àwọn agbẹ̀bí méjèèjì padà sẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n sì san owó oṣù tí wọ́n ti pàdánù.

2. Kí obìnrin kankan má ṣe wà ní òun nìkan pẹ̀lú ẹ̀rọ. Nígbà tí ó bá ń tì, kí agbẹ̀bí kan wà tí kò ní iṣẹ́ mìíràn bí kò ṣe tirẹ̀.

3. Kí a máa ka ọrùn-ọwọ́ ìyá, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà ẹ̀rọ. Kí ìwo agbẹ̀bí wà ní gbogbo ibùsùn.

4. Kí a lo owó lórí ọ̀rá ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀, oògùn, ẹ̀jẹ̀ tí a tọ́jú pamọ́, epo jẹnẹrétọ̀, àti ọkọ̀ kan pẹ̀lú awakọ̀ rẹ̀ lóru, kí a tó ra ẹ̀rọ mìíràn.

5. Kí wọ́n kọ́ gbogbo agbẹ̀bí bí a ṣe ń lo ẹ̀rọ náà nínú àkókò iṣẹ́, kí wọ́n má sì fi bébà rẹ̀ ṣọ́ òṣìṣẹ́ láti fìyà jẹ ẹ́.

6. Kí obìnrin ní ẹ̀tọ́ láti mú ẹni tí ó wù ú dání wọ yàrá ìrọbí, ì báà jẹ́ ìyá rẹ̀, ì báà jẹ́ ọkọ rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá fọwọ́ sí i.

Ẹ̀yin ọkùnrin inú wa, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ obìnrin nìkan. Ẹ kúrò ní ìta ọgbà ilé ìwòsàn níbi tí ẹ ti ń fa sìgá. Ẹ wọlé. Ẹ béèrè pé: ọkàn ta ni ẹ̀rọ yìí ń kà? Ṣé ẹnikẹ́ni ti di ọrùn-ọwọ́ ìyàwó mi mú? Ìbéèrè méjì péré ni, wọ́n sì lè gba ẹ̀mí là.

Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ tú jáde wá sí ìpàdé gbogbogbòò oṣù yìí, ẹ̀yin ṣíífútù ọ̀sán àti ti òru. Ẹ mú ìyàwó yín wá. Ẹ jẹ́ kí máníjà rí i pé kì í ṣe owó àfikún iṣẹ́ nìkan ni ẹgbẹ́ mọ̀ ọ́n jà fún.

Ìpalára fún ẹnì kan, ìpalára fún gbogbo wa ni. Àti lóru, àti lọ́sàn-án, a ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ.

Ìṣọ̀kan ni agbára òṣìṣẹ́!